Ìdì Kẹwàá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Mo ra ìwé yìí kí n lè máa kọ èrò mi sílẹ̀ nípa àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí mò ń kà fún Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti ìgbà tí ojú wọn kò ti ríran mọ́ ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọ̀sán Àbámẹ́ta. Èmi a máa kàwé, àwọn a máa dájọ́.

Lónìí a parí ìwé aláwọ̀ aró. (Àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé ni mo fi ń dá wọn mọ̀, n kì í fi orúkọ pè wọ́n. Àṣà ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni.) Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ti ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá. Ó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn mẹ́ta kú. Ó gbé e sínú fún ogún ọdún, ó wá jẹ́wọ́ ní ojú ewé tó kẹ́yìn, gbogbo ìlú sì dì mọ́ ọn pẹ̀lú ẹkún.

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. Wọ́n ní, "Ó ti rẹ ẹni tó kọ ọ́. Ó fẹ́ tètè lọ jẹun." Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò ṣàwàdà: "Àwọn tó sin òkú ńkọ́? Ta ló bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti ṣe tán láti dì mọ́ èèyàn?"

N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Mo tún ìparí ìwé aláwọ̀ aró kà nídìí ẹ̀rọ, lásìkò ìsinmi. Irọ́ ni. Irọ́ tó dùn mọ́ mi nínú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Apòògùn wá bá mi níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹ̀gbọ́n bí ni. Ilé ìwòsàn ló ti ń po oògùn. Ó ní, "Bọ̀dá, dókítà ní ká má ka oṣù mọ́. Ká máa ka ọ̀sẹ̀." Ọkàn Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ti fẹ̀ jù, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́.

Mo béèrè bóyá Ẹ̀gbọ́n mọ̀.

"Mọ́mì? Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìwé tín-ínrín ni kí ẹ máa mú wá báyìí."

A jọ rẹ́rìn-ín, nínú ariwo ẹ̀rọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó? Kò sọ. N kò sì bi í.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an bó ti rí. Bí n kò bá lè sọ ọ́ fún bébà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún èèyàn?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní pólì ni. Ẹ̀gbọ́n ló rán mi lọ síbẹ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n nígbà náà, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi kọ ìwé ìtàn kan sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé mẹ́sàn-án. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, kò ní èkejì. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e wá, nítorí tèmi. Wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Olóòjé wa wà níbẹ̀." Olóòjé lorúkọ tí wọ́n fún mi, nítorí pé òjé tí a fi ń ṣe lẹ́tà kì í tán léèékánná mi.

Bí a ti ń ṣe é nìyí: ọwọ́ la fi ń to lẹ́tà òjé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún la ń tẹ̀ sórí bébà ńlá kan. A ó ká a, yóò di ìdì kan. Lẹ́tà kò tó láti to odidi ìwé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà, bí a bá ti tẹ ìdì kan tán, a ó tú lẹ́tà rẹ̀ padà sínú àpótí, a ó fi to òmíràn. Ìdì mẹ́wàá ni ìwé Ẹ̀gbọ́n. Ojú ewé ọgọ́jọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo gbé ìdì kẹwàá lọ sídìí ẹ̀rọ ìgéwèé tí a ń pè ní Bàbá Abẹ. Mo ti fi ẹ̀rọ náà gé káàdì ìkésíni láàárọ̀. N kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Mo tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Abẹ gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá, nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún bébà náà.

Mo ti ba iṣẹ́ méjì jẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ọ̀gá ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹ̀kẹta ni òpin iṣẹ́ mi níbẹ̀. Wọ́n wà ní ìrìn àjò títí di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bébà ti tán nílé. Mo sì ti tú lẹ́tà.

Mo wo ìparí ìdì kẹsàn-án, ojú ewé mẹ́rìnlélógóje. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún mi pé ìtàn ọmọbìnrin tó ń wá ìyá tó fi í sílẹ̀ ní kékeré ni. Ó ti rìn, ó ti rìn, ó ti dé ilé náà níkẹyìn. Gbólóhùn tó parí ojú ewé náà: *Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.* Àmì ìdánudúró wà níbẹ̀, tónítóní. Bó bá jẹ́ pé àárín gbólóhùn ni ojú ewé náà parí sí, n kì bá lè ṣe é. Àmì kékeré yẹn, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ tò ó.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Mo kó bébà tó bàjẹ́ fún àwọn tó ń ra ìdọ̀tí bébà. Ìwé ìkọ̀wé kẹsàn-án, mo sun ún ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àkísà tí a fi ń nu òjé.

Ìwé jáde. Ẹ̀gbọ́n ṣí i láti ẹ̀yìn, wọ́n tì í, wọ́n tún un ṣí. Ọ̀gá kò mọ nǹkan kan, wọ́n ní, "Àǹtí, ibi tí ẹ parí rẹ̀ sí nìyẹn. Ẹ bi àbúrò yín." Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́jọ lẹ kó wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tú ilé. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tú àpótí aṣọ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní "èmi aláìrántí yìí". Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wọn sọ wọ́n ní Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà. Ọkọ wọn, tó ti kú báyìí, a máa béèrè nídìí oúnjẹ pé ṣé ilẹ̀kùn ti ṣí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì. Wọn kò parí rẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa gbé iṣẹ́ lé ẹni tí kò lè tọ́jú ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́.

Ó ti wà nílẹ̀ báyìí. Bébà kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ilé ìkàwé. Mò ń wá ìwé tín-ínrín. Mo rí ìwé Ẹ̀gbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, eruku ti bò ó. Lábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́: *Ṣé ó wọlé?* Ẹlòmíràn sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: *Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kò mọ̀.*

Mo yá a. Mo yá ìwé aláwọ̀ ewé kan pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

A bẹ̀rẹ̀ ìwé aláwọ̀ ewé. Aránṣọ kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin bá a jà, ó sì kúrò nílé. Lọ́dọọdún ni aránṣọ ń rán aṣọ kan dè é, tí yóò máa fi ojú inú wọn bí ara rẹ̀ yóò ti tóbi tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣejù. Òǹkọ̀wé yìí mọ iṣẹ́ aránṣọ: ó mọ bí wọ́n ti ń fi ẹnu di abẹ́rẹ́ mú, tí ọ̀rọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Aránṣọ yìí le lórí."

Mo ní, "Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀."

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí! Olóòjé ń bú mi nínú ilé mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. Apòògùn sáré wọlé, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó ikọ́ wá.

Kí n tó lọ, wọ́n ń wá ìbòrí wọn. Orí wọn ló wà. "Èmi aláìrántí yìí," wọ́n wí.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Mo lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ojo. Ẹ̀rọ ńlá dákẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe kò wá. N kò ka nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìwé aláwọ̀ ewé parí. Aránṣọ di arúgbó. Ìròyìn dé pé àbúrò ń gbé ní ilé kan létí omi. Aránṣọ lọ. Ó ṣílẹ̀kùn: yàrá ṣófo. Àga kan ṣoṣo, aṣọ kan tí a ká sórí rẹ̀. Aṣọ tó kọ́kọ́ rán fún un kí ó tó kúrò nílé ni, tí a ti wọ̀ títí tó fi gbó. Ó jókòó sórí àga náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti etí.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ẹni yìí mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ ń lọ láti ojú ewé kìíní." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Èmi náà mọ tèmi nígbà kan. Mo kọ oríṣi ìparí mẹ́rin, Olóòjé, mo sì yan ọ̀kan. Bó bá di àárọ̀ báyìí, màá dùbúlẹ̀, màá máa wá èyí tí mo yàn. N kò rí i. Orí burúkú wo nìyí?"

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun mi. Apòògùn gbé oògùn wọlé. Mo gbé e mì, bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbé oògùn wá fún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Ìwé aláwọ̀ pupa, ti ara mi. Adájọ́ kan tó rán aláìṣẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ gún régé, gbogbo àwáwí rẹ̀ ní ìdí. Mo pa á tì ní ojú ewé ọgọ́ta. Mo mọ ohùn yẹn. Mo wo ohun tí mo kọ síbí ní ọjọ́ keje, ohùn yẹn náà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: *bébà ti tán nílé, Ọ̀gá wà ní ìrìn àjò.*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti sọ ọ́.

N kò mú ìwé kankan dání. Wọ́n ní, "Kí la ń kà lónìí?" Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mo sọ ọ́ láti ìdí Bàbá Abẹ títí dé ẹ̀yìnkùlé. N kò fi àwáwí kún un. Ó kúrú gan-an nígbà tí kò sí àwáwí.

Agogo ara ògiri ń lù. Mo ń retí ìgbájú. Mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ: "Nítorí náà, n kì í ṣe aláìrántí."

"Rárá, Àǹtí mi."

"Mẹ́sàn-án ni mo kó wá."

"Mẹ́sàn-án ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà burú láti gbọ́. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń bú orí tí kò ṣẹ̀ mí. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì, Olóòjé. Ìwọ lo bá mi gbé e. Ìwọ lo di apá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú!" Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé ìyẹn. Èmi ni mo bá wọn gbé e.

Mo rò pé wọn yóò lé mi jáde. Dípò ìyẹn, ojú wọn tàn, ojú tí kò ríran yẹn. Wọ́n fà mí lápá aṣọ. "Àmọ́ o kà á. Ìwọ nìkan ni ẹni tó kà á láyé yìí. Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

N kò mọ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀? Ẹni tó ń to lẹ́tà kì í kàwé. Lẹ́tà òjé dorí kodò, ó sì kọjú sódì. Ojú kì í rí ju *a*, *b*, àlàfo, *k*. Wọ́n kọ́ wa ní pólì pé ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìtàn yóò ṣi lẹ́tà tò. Èmi sì ni mo gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ yẹn. Ìwé Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gba abẹ́ ìka mi kọjá, n kò sì ka ẹyọ kan.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọn kò gbà. "Lọ rántí," wọ́n wí. "Mo fún ọ di Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ohun tí o jẹ mí nìyẹn, n kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n tọ́jú àpótí lẹ́tà àtijọ́ kan síbi tí àlejò ń jókòó sí ní ilé iṣẹ́, fún ẹwà. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo dúró síwájú rẹ̀, mo di ojú, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka mi ṣì mọ ilé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. *Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.* Mo tò ó láìṣi ọ̀kan. Mo ní kí ìka máa bá a lọ.

Ó dúró.

Akọ̀wé tó ń gba àlejò bá mi níbẹ̀. "Bàbá, ẹ̀ ń bá òjé sọ̀rọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òfo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Apòògùn pè mí. "Bọ̀dá, kí lẹ sọ fún Mọ́mì? Láti Àbámẹ́ta ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n ní kí n fọ irun wọn, kí n dì í dáadáa. Wọ́n ní ẹ ń mú nǹkan kan bọ̀ wá fún àwọn." Ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀. Kò tíì mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọgbọ̀n

Wọ́n ti di irun. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn òbí nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti sún àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

"Ó yá, Olóòjé."

N kò lè sọ, títí di ìsinsìnyí, bóyá irọ́ ni mo pa tàbí mo gbà pé mò ń rántí. Mo di ojú. Mo rí ilẹ̀kùn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ń wá fúnra rẹ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí: pé ọmọbìnrin náà taari ilẹ̀kùn, ó sì ṣí. Pé kò sí ẹnì kankan nínú yàrá. Pé àga kan wà níbẹ̀, tí aṣọ ọmọ ọwọ́ kan wà lórí rẹ̀, tí a ká dáadáa. Pé ó jókòó, ó gbé aṣọ náà sórí itan. Inú mi ń dùn. Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé ìparí náà wà nínú mi, ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. Wọ́n ń tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń fi etí ka ìwé. Ojú wọn tàn díẹ̀, ó sì kú.

Wọ́n jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n wá rọra sọ ọ́, láìbínú: "Aránṣọ yẹn nìyẹn. Inú ìwé aláwọ̀ ewé. Ìwọ lo kà á fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì."



Wọ́n na ọwọ́, wọ́n tú ìbòrí orí wọn, wọ́n ká a sórí itan. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Mo pe Apòògùn. Ó ní Mọ́mì kò jẹun. Ó ti mọ̀ báyìí. Kò pè mí ní Bọ̀dá.

Mo dá gbogbo ìwé tí mo yá padà, àfi ọ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

N kò lérò pé wọn yóò ránṣẹ́ pè mí. Apòògùn ṣílẹ̀kùn, ó yà fún mi láìkí mi. Ẹ̀gbọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn wọn ti kéré. Wọ́n ní kí n ka ìwé àwọn fún àwọn, ìdì tó kẹ́yìn nínú èyí tó kù.

Mo ka ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń kàwé nìyẹn. Ó dára. Kí n kọ ọ́ síbí, torí n kò rí i kọ síbòmíràn: ó dára ju ìwé aláwọ̀ aró lọ, ó dára ju aláwọ̀ ewé pàápàá. Ọmọbìnrin náà ń rìn ní títì tó gùn, ó ń ka ilé, ó ń ṣì wọ́n kà nítorí ìbẹ̀rù, ó ń padà sẹ́yìn láti tún wọn kà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tó ń lọ.

*Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.*



Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ṣì kù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ó ṣì kù."

Wọ́n ń dúró de ìyókù.